Páńpù Inú Ọkọ̀ Mọ́rúfù

Nígbà tí Ọ̀ṣuntókun mẹkáníìkì fi ọwọ́ kan fáànù ọkọ̀ akẹ́rù náà, ó mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bí eyín ọmọdé tí ó fẹ́ yọ. Ó tún un mì. Omi pupa sun jáde láti ìdí rẹ̀, ó ń kán sórí iyanrìn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ó ti fi awọ àti gíríìsì dí ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta náà rèé tí awọ ń jó tí gíríìsì ń ṣàn dànù. Páńpù tí ó ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká kí ó má baà gbóná ti kú pátápátá. Irin àárín rẹ̀ ti jẹ tán. Bí ènìyàn bá gbé ọkọ̀ náà dé ẹ̀yìn ìlú báyìí, ńṣe ni yóò máa hó bí ìkòkò ẹ̀kọ.

Ó nu ọwọ́, ó sọ fún Joseph, tí ó ń wa ọkọ̀ náà, pé kò sí ohun tí òun tún lè fi rẹ́ ẹ. Páńpù mìíràn ni yóò gbà.

Joseph kò dìde lóòṣòó tí ó wà. Ọdún 1953 ni, ọkọ̀ akẹ́rù kò sì tíì pọ̀ ní Ẹ̀jìgbò. Ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀kan sí níkàáwọ́ kì í fẹ́ kí ó bọ́. Dúrójaiyé tí ó ni ọkọ̀ náà ti ránṣẹ́ láti Màsífà pé bí òun kò bá rí i lọ́jọ́ Sátidé kí ó wá kó iṣu, kí Joseph kó kọ́kọ́rọ́ wá, òun yóò fi ẹlòmíràn sí i. Ọjọ́bọ̀ sì nìyí. Páńpù tuntun wà ní Ìbàdàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè é kò sí lápò Joseph, kò sì sí lápò ẹnikẹ́ni tí ó lè yá a.

"Ọ̀gá," ni Joseph wí nígbà tí ó yá, "ti Mọ́rúfù ńkọ́? Irú ọkọ̀ kan náà ni."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀ṣuntókun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì tètè nàró, nítorí ó mọ̀ pé ojú òun ti yí padà.

Oṣù mọ́kànlá ni kò ti sí ẹni tí ó dárúkọ ọkọ̀ yẹn sí i létí. Nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ó wà, nínú kòtò odò tí ó ṣubú sí, inú rẹ̀ ni Mọ́rúfù sì kú sí. Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ ni pé ọkọ̀ náà já láti orí òkè wá, ó kọ afárá sílẹ̀, ó gba inú igbó lọ. Àgbẹ̀ kan tí ó ń kọ ebè nítòsí sọ fún ọlọ́pàá pé ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ dẹ̀rìn, pé tààrà ni ó ń bọ̀ bí ẹṣin tí kò ní ìjánu. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tí Ọ̀ṣuntókun nìkan mọ̀ ni ti ìṣó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Mọ́rúfù ya ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé bíréèkì òun ń dún gbàràgbàrà. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rí i pé píìnì kékeré tí ó so ọ̀pá bíréèkì mọ́ra ti yọ sọnù. Kò ní irú rẹ̀ nílé. Ó mú ìṣó kan, ó tì í bọ inú ihò náà, ó fi òòlù tẹ ẹnu rẹ̀ kọ́, ó sì ní kí Mọ́rúfù yà bí ó bá ti ọjà dé kí òun fi èyí tí ó tọ́ sí i. Mọ́rúfù kò ti ọjà dé.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń gbé inú rẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí à ń lọ. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí ó yọ, ó di pé òun ni wọ́n ń sọ. Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni ó jókòó sí, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ sàráà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bà á lẹ́rù jù lọ ni Sàídátù, opó Mọ́rúfù. Bí ó bá rí i lókèèrè lọ́jà níbi tí ó ń ta aṣọ, yóò yà gba ẹ̀yìnkùlé onílé. Bí wọ́n bá ṣèèṣì pàdé, yóò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò sì wá ibi gbà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òun kò kúkú purọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wí fún ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi òun léèrè.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí fún Joseph. Ó ní páńpù tí ó ti sùn sínú odò láti èèrùn dé òjò yóò ti dípẹtà. Ó ní ohun òkú ni, kò dára kí a máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní opó kò ní í fẹ́.

Joseph fi ìtìjú dáhùn pé òun ti lọ bá a ní ìdájí. Opó ti gbà. Ó ní òun kò tilẹ̀ fẹ́ gba ohunkóhun lórí rẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ni ó ní òun fẹ́," ni Joseph wí. "Ó ní òun yóò bá wa lọ. Òun kò tíì fojú kan ibẹ̀ rí."

Ọ̀ṣuntókun wo fáànù tí ó ń mì. Ó lè sọ pé ara òun kò yá. Ṣùgbọ́n bí òun kò bá lọ, Joseph yóò mú mẹkáníìkì mìíràn lọ, mẹkáníìkì mìíràn ní ojú, yóò sì mọ ìṣó yàtọ̀ sí píìnì. Ọ̀ràn tí a ní kí baba má gbọ́, baba náà ni yóò parí rẹ̀. Ó kó sípánà sínú àpò ìdọ̀họ, ó bu kẹrosíìnì sínú ìgò, ó sì lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Sàídátù ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tí kò tíì pé ogójì ọdún. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti gbé Àbíjàn fún ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó kó bọ̀ wá sílé pẹ̀lú ọkọ̀ náà. Ó so ìró rẹ̀ le, ó fi ìborùn bo orí. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀ṣuntókun.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Nímọ́tà," ni Ọ̀ṣuntókun fi dá a lóhùn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Obìnrin náà gbójú sókè wò ó díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì tún gbé ojú sílẹ̀. Ó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Joseph. Wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ni. Àwọn obìnrin tí ó ru ẹ̀gẹ́ wá sí Ẹ̀jìgbò ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn. Ọ̀ṣuntókun mú iwájú. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé, nítorí pé lójú ọ̀nà náà ni ó ti ro ohun tí yóò ṣe. Bí òun bá kọ́kọ́ débẹ̀, òun yóò wọ abẹ́ ọkọ̀ náà kí àwọn méjèèjì tó sọ̀kalẹ̀. Bí ìṣó náà bá ti já, òun yóò yọ èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ihò, òun yóò sì jù ú sódò. Kò ní í gbà ju kí a ka oókan dé ogún lọ. Lẹ́yìn náà kò ní í sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ìka tọ́ka sí. Ó ń rò ó, ó ń tún un rò.

Ó gbọ́ ìró odò kí ó tó rí i. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó sì wo ìsàlẹ̀. Kò tíì padà débí láti ọjọ́ tí wọ́n wá gbé òkú. Wọ́n ti fi pákó tuntun sí afárá. Lápá òsì, níbi tí koríko ti ga ju orí ènìyàn lọ, nǹkan kan tí ó pọ́n bí ilé ikán yọ síta díẹ̀.

Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sáré wọ inú koríko. Ó débẹ̀, ó sì dúró.

Ọkọ̀ náà kò dúró lórí táyà rẹ̀. Òjò ọdún kan ti wọ́ ọ, ó ti dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́, imú rẹ̀ wà létí omi, gbogbo ikùn rẹ̀ sì kọjú sí ojú ọ̀nà. Kò sí pé à ń wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀pá, páìpù, ìdí ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ ni ó hàn ketekete nínú oòrùn bí ẹran tí alápatà là sílẹ̀. Ìtàkùn ti gun ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Lókè gíláàsì iwájú, lẹ́tà funfun tí Mọ́rúfù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì wà níbẹ̀: DUSUMA. Ọ̀rọ̀ Faransé kan ni, tí ó kó bọ̀ láti Àbíjàn. Kí ènìyàn rọra ni ó túmọ̀ sí. Bí ó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè ni ó máa ń wí i fún ọkọ̀ rẹ̀, bí ẹni tí ń rọ ọmọ.

Ọ̀ṣuntókun gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ìró ẹsẹ̀ àwọn tí ó kù ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó yára kọjú sí iwájú ọkọ̀. Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì tí ó ti wọ́, ó pe Joseph pé kí ó wá di í mú. Páńpù náà wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan fáànù: kò mì. Ó yí i: ó yí, tìkọ̀tìkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó yí. Inú Joseph dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sókè, kí ó tó rántí ibi tí wọ́n wà tí ó sì pa ẹnu mọ́. Bóòtù mẹ́rin ni ó de páńpù náà mọ́ra, gbogbo wọn ti dípẹtà. Ọ̀ṣuntókun da kẹrosíìnì sí wọn. Bí wọ́n ti ń dúró kí kẹrosíìnì wọlé, ó ń wo bóòtù, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Etí rẹ̀ ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ obìnrin náà nínú koríko.

Sàídátù kọ́kọ́ dúró síbi ìjókòó awakọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí ó ń ka àdúrà jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó tún rìn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó yí ọkọ̀ ká, ó dé apá ibi tí ikùn rẹ̀ wà. Ó dúró.

Bóòtù kìíní yọ. Sípánà Ọ̀ṣuntókun ń lu irin. Joseph rò pé agbára ni ó ń lò. Bóòtù kejì yọ. Ìkẹta kọ̀.

"Bàbá Ọmọpẹ́," ni Sàídátù pe Ọ̀ṣuntókun láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ó fún Joseph ní sípánà. Ó rìn dé ọ̀hún. Ó rí i tí obìnrin náà dúró bí ẹni tí ó dúró níwájú ògiri tí wọ́n kọ̀wé sí, tí kò sì mọ̀wé kà.

"Èwo ni bíréèkì nínú gbogbo èyí?"

Ó lè tọ́ka sí ohunkóhun. Obìnrin náà kò ní í mọ̀. Ó lè nawọ́ sí ọ̀pá èéfín kí ó ní òun nìyẹn, ó sì dára, kí wọ́n máa lọ. Ó gbé ọwọ́ sókè láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ síbi tí ó ti ń lọ fún oṣù mọ́kànlá, ìka rẹ̀ sì tẹ̀lé ojú rẹ̀.

Ọ̀pá bíréèkì wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Nínú ihò náà, pẹ̀lú ìpẹtà tí ó bò ó bí èèpo, ìṣó náà wà. Ẹnu rẹ̀ kọ́ bí òun ti tẹ̀ ẹ́ kọ́. Ó fi àtàńpàkò tì í. Kò mì.

Ó tún tì í. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá náà mú, ó fà á, ó tì í. Gbogbo ọkọ̀ ni ó ń dún, ṣùgbọ́n ìṣó náà dúró digbí.

Nǹkan kan tú nínú àyà rẹ̀. Ó fẹ́ jókòó sílẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sáré lọ bá gbogbo ẹni tí ó ti sá fún láti ọdún kan, kí ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ó já?" ni Sàídátù béèrè.

"Kò já," ni Ọ̀ṣuntókun wí, ohùn rẹ̀ sì ga ju bí ó ti yẹ lọ. "Ẹ wò ó. Ìṣó ni mo fi síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò ní píìnì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rù pé òun ló pa á. Ẹ wá wò ó, Ìyá Nímọ́tà. Kò já. Bíréèkì kọ́."

Ó ti sọ ọ́ tán kí ó tó yí ojú wò ó.

Sàídátù ń mi orí, ó ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń kà nǹkan fún tí ó sì ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá òkúta kan, ó jókòó lé e. Ó ká ìborùn kúrò lórí, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó ń tẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ká.

"Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó já," ni ó wí.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́, láìgbójú sókè. Ó ní ara Mọ́rúfù gbóná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bí ẹ̀yìn ààrò. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó fún òun ní aṣọ kún aṣọ, pé òun kò lè lọ, kí ó di ọjà mìíràn. Òun, Sàídátù, kò gbà. Aṣọ tí wọ́n kó dé láti Àbíjàn ti wà nílé láti ìgbà àwẹ̀, àwọn oníbàárà Ifẹ̀-Ọ̀dàn sì ti ń lọ bá ẹlòmíràn. Òun ní kí ó dìde. Òun ní ọkùnrin mélòó ni ibà kékeré ń dá dúró. Òun fi ọwọ́ ara òun po àgbo fún un, òun fi ọwọ́ ara òun mú kọ́kọ́rọ́ fún un. Ó wo òun nígbà tí ó ń gbà á. Kò sọ nǹkan kan.

"Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi," ni ó wí, "mo ní ó ti sọ fún yín kó tó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wí fún mi pé 'Sàídátù, bu omi fún mi mu.' Láti ọjọ́ ìsìnkú ni ẹ ti ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò. 'Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.' Bí mo bá ti gbọ́ ọ, àyà mi a já. Mo ní ẹ ti mọ̀, sùúrù lẹ kàn ń ṣe."

Odò ń ṣàn. Ní iwájú ọkọ̀, Joseph ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ọ̀ṣuntókun dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà lọ́wọ́. Ọ̀ràn ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹlòmíràn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e rù. Kò sí ohun tí ó kù ju kí ó ní kí obìnrin náà máa pẹ̀lẹ́, pé bí Ọlọ́run ti kọ ọ́ ni, kí wọ́n mú páńpù kí wọ́n sì máa lọ. Ó la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó rí nígbà náà ni Mọ́rúfù.

Ó rí i bí ó ti jókòó láàárọ̀ ọjọ́ náà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó sábẹ́ ìbòòji. Inú oòrùn ni ó jókòó sí, ó fi aṣọ ìbora bo ara dé ọrùn, oòrùn sì ti ń ta ènìyàn lára nígbà náà. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Láti abẹ́ ọkọ̀ ni Ọ̀ṣuntókun ti bi í pé ṣé kò sí, ó sì dáhùn pé ibà díẹ̀ ni. Nígbà tí ó fẹ́ gun ọkọ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, ó dúró, ó mí, kí ó tó gùn ún. Òun dúró níbẹ̀, òun ń nu ọwọ́. Òun rò ó lọ́kàn pé ọkùnrin yìí kò dá ṣáká. Òun sì fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé kí ó máa lọ.

Oṣù mọ́kànlá ni ó ti fi ń rántí ìṣó. Kò rántí aṣọ ìbora rí.

Ẹ̀rù tún bà á, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀. Èyí kò ní ibi tí a lè sá gbà.

"Sàídátù," ni ó wí.

Obìnrin náà gbójú sókè.

"Ó ń gbọ̀n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Inú oòrùn ló jókòó sí, pẹ̀lú aṣọ ìbora. Mo rí i. Èmi tí mo mọ ohun tí ọkọ̀ jẹ́, mo rí i, mo ní kó máa lọ." Ó nu ìpẹtà ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Kì í ṣe ìwọ nìkan lo mọ̀."

Sàídátù gbé ọwọ́ kúrò lórí ìborùn. Omijé kò bọ́ lójú rẹ̀. Ó kàn ń wo Ọ̀ṣuntókun bí ẹni tí ó ti ń nìkan gbé nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, tí ó wá gbọ́ pé ẹnìkan ń mí níbẹ̀.

"Ẹ rí i," ni ó wí níkẹyìn. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Mo rí i."

Ọ̀ṣuntókun bẹ̀rẹ̀, ó sì jókòó sínú koríko, kò jìnnà sí òkúta rẹ̀. Ó pẹ́ kí Joseph tó fi ohùn kékeré ké sí i pé bóòtù kẹta ti yọ, pé ìkẹrin nìkan ni ó kù.

Nígbà tí páńpù bọ́ sílẹ̀, Sàídátù wá wò ó. Ó kéré ju bí òun ti rò lọ, ni ó wí. Ó ní kí wọ́n tú ohun gbogbo tí ó bá wúlò nínú ọkọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá nílò rẹ̀, kí wọ́n má fi sílẹ̀ fún ìtàkùn. Ó ní kí wọ́n fi ibi ìjókòó awakọ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Ọ̀ṣuntókun ni ó gùn padà wá sílé. Òkè náà ga, Ọ̀ṣuntókun sọ̀kalẹ̀ ó ń ti kẹ̀kẹ́, òun náà sọ̀kalẹ̀, ó sì ń bá a tì í láti ẹ̀yìn.

Wọ́n lo ìyókù ọ̀sán lórí ọkọ̀ Joseph. Ọ̀ṣuntókun tú páńpù náà, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó gé awọ tuntun fún un, ó kì í ní gíríìsì, ó dè é mọ́ ibi tí ó yẹ. Wọ́n da omi sínú rádíétọ̀. Joseph ki irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì bọ iwájú ọkọ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Wọ́n lóṣòó, wọ́n ń wo ìdí fáànù. Kò sí ohun tí ó kán. Wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ fi gbóná dé ibi tí ó yẹ kó gbóná dé, kò sì kọjá ibẹ̀.

Joseph dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn tí ó dìde, ó dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ bá mi wo píìnì bíréèkì náà."

Ọ̀ṣuntókun kò bínú. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pe Joseph wọlé kí òun náà fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ìgbà tí Joseph wa ọkọ̀ náà jáde, tí ó kọjú sí ọ̀nà Màsífà, oòrùn ti ń wọ̀.

Wúràọlá, ìyàwó Ọ̀ṣuntókun, gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú wá fún un níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó béèrè bóyá páńpù náà bá a mu. Ó ní ó bá a mu. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó sì rí i pé ọwọ́ náà tún ń gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rù náà ni ó padà dé. Ó dúró dè é bí ó ti máa ń dúró dè é, kí ó wá pẹ̀lú ìró kẹ̀kẹ́ ọlọ́pàá àti ohùn àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò dé. Ohun tí ó dé ni ohùn Mọ́rúfù, tí ó máa ń pè é ní "ṣẹ́ẹ̀fù" bí àwọn ará Àbíjàn ti ń pe ọ̀gá, tí yóò ti orí ìjókòó ọkọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ láti ìdajì ojú ọ̀nà, tí yóò sì ti máa rẹ́rìn-ín kí ó tó dé ibi tí a óò ti mọ ohun tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Wúràọlá bi í pé kí ni ó dé. Ọ̀ṣuntókun tẹ ojú bọ ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ wà nínú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Obìnrin náà wò ó. Ó gbé àtùpà tí ó mú lọ́wọ́ sílẹ̀ láìtàn án, ó fa àpótí ìjókòó mọ́ ọn, ó sì jókòó.

"Mọ́rúfù ti kú," ni Ọ̀ṣuntókun wí, bí ẹni pé òun ni ó kọ́kọ́ mú ìròyìn náà dé ìlú.